Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́ Ń Jò: Ṣé Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ rí omi aláwọ̀ ewé níbi tí imú ọkọ̀ sùn sí mọ́jú. Ó sì lè má sí omi nílẹ̀ rárá, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ ń bu omi kún un, ẹ ò sì mọ ibi tó ń gbà lọ. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó wò ó fìrí, ó ní, "Rédíétọ̀ yìí ti kú, ká ra tuntun." Ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, òun ní kò sí ìṣòro, gọ́ọ̀mù lásán lòun máa fi dí i. Èwo ni ká wá gbà gbọ́?

Èmi ti gba àwọn méjèèjì gbọ́ rí, àwọn méjèèjì ló sì jẹ́ kí n fowó ṣòfò. Nígbà àkọ́kọ́, mo pààrọ̀ odidi rédíétọ̀, àṣé kílíípù họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ló dẹ̀. Rédíétọ̀ tuntun wọlé, omi ṣì ń kán. Nígbà kejì, mo gbà kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ike orí rédíétọ̀ tó ti sán. Kò pé oṣù kan tí ike náà fi là lójú ọ̀nà lóru, gbogbo omi sì dà nù kí n tó rí ibi gbé ọkọ̀ yà sí. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ihò nìkan ò lè sọ fún wa bóyá ká tún un ṣe tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀. Ara ibi tí ihò náà wà ló máa sọ. Ihò tó jẹ́ iṣẹ́ ìdajì wákàtí lára bàbà, ìkìlọ̀ ìkẹyìn ló jẹ́ lára ike tó ti gbó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, àmọ́ ó dáa kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ìdérí yẹn ò kàn bo ẹnu rédíétọ̀ lásán. Ó ń sé prẹ́ṣọ̀ mọ́nú, láàárín 13 sí 16 psi (ìyẹn ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀) lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Prẹ́ṣọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Omi lásán máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, tí wọ́n fi omi là ní ìdajì-ìdajì, tí ìdérí 15 psi sì wà lórí rẹ̀, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 130°C kó tó hó. Bí ẹ bá wá ṣí i lójijì, prẹ́ṣọ̀ á lọ, omi tó ti yẹ kó hó tipẹ́ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sójú ẹni tó ṣí i. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú dáadáa láìjẹ́ pé ó ta yín lọ́wọ́.

Ẹ tú wáyà bátìrì kan sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ iwájú ẹ́ńjìnì, torí fáànù oníná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ pẹ̀lú. Ethylene glycol tó wà nínú kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ajá á lá a, ọmọdé á tọ́ ọ wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé rédíétọ̀ gan-an ló ń jò?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí náà mo fẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wá páálí fẹ̀ǹfẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ imú ọkọ̀ di àárọ̀. Kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú méjèèjì dúró sí, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Lówùúrọ̀, ẹ wò ó: omi mímọ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì yọ̀ lọ́wọ́, omi ẹ̀rọ amútútù inú ọkọ̀ ni, ẹ má da ara yín láàmú. Kúláǹtì máa ń yọ̀ díẹ̀ láàárín ìka méjì, ó sì ní òórùn dídùn kan. Ti àwọ̀, ẹ má gbára lé e púpọ̀. Ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ pupa, ó lè jẹ́ ọsàn tàbí búlúù, bí ẹni tó ṣe é bá ṣe fẹ́. Tó bá pupa, tó sì ní òróró lára, ó lè jẹ́ epo gíà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì. Omi rédíétọ̀ kì í jò kó má fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ibi tó ti ń jáde, tí ooru sì ń gbẹ ẹ́, máa ń ní èépá: funfun, tàbí aláwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀, bí iyọ̀ tó gbẹ sí etí ìkòkò. Ẹ tọ èépá yẹn lọ sókè, torí omi máa ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ fáànù sì lè gbé e sẹ́yìn. Ibi tó ga jù tó rin tàbí tó ní èépá ni ibi tó ti ṣẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń wò kí n tó dá rédíétọ̀ lẹ́bi nìyí. Mo máa ń tẹ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Èyí tó bá rọ̀ bí ẹran tó jinná jù tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ti gbó. Mo máa ń wo kílíípù wọn, bóyá ó dẹ̀ tàbí ó ti dípẹtà. Mo máa ń wo rọ́bà abẹ́ ìdérí, bóyá ó ti le tàbí ó ti là. Mo máa ń wo súkúrù tí wọ́n fi ń tú omi rédíétọ̀ nísàlẹ̀, torí rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbó. Ó tún ku pọ́ǹpù omi: ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lù síbẹ̀, bí omi bá ti ń gba ibẹ̀ jáde, pọ́ǹpù ló fẹ́ lọ, kò kan rédíétọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ ló ń rin, tí gíláàsì iwájú ń rí fùkùfùkù, tí òórùn dídùn yẹn sì ń gba inú ọkọ̀, rédíétọ̀ kékeré ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú inú ọkọ̀ móoru ni ẹ máa bi.

Bí ojú ò bá rí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pọ́ǹpù àyẹ̀wò prẹ́ṣọ̀ dán an wò. Ohun kékeré kan ni, ó dà bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì, wọ́n máa ń dé e sí ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi dé iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí, wọn ò ní kọjá a. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọwọ́ géèjì bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń jò níbì kan, àsìkò yẹn gan-an ni ẹ máa rí ibi tí omi ti ń tu. Mẹkáníìkì tó bá ní kẹ́ ẹ ra rédíétọ̀ láì tíì ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ ní kó ṣe é ná. Ìdérí náà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán òun alára wò lára ẹ̀rọ yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Ṣùgbọ́n ká ní géèjì ń sọ̀, ẹ ò sì rí omi níbì kankan ńkọ́? Ìgbà náà lẹ máa fura sí tọ́pù gáásìkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀. Èéfín funfun tó nípọn tí kì í tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, epo ẹ́ńjìnì tó dà bí tíì oníwàrà lára ọ̀pá ìwọ̀n epo, họ́ọ̀sì òkè tó le gan-an láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ tan ọkọ̀ tó tutù, àbí èéhó tó ń yọ lẹ́nu rédíétọ̀ láìdáwọ́ dúró: èyíkéyìí nínú wọn tó kí ẹ pa ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ tì ná. Oògùn àyẹ̀wò aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀; bí gáàsì láti inú ẹ́ńjìnì bá dé ibẹ̀, á yí padà sí yẹ́lò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Rédíétọ̀ tuntun lórí tọ́pù gáásìkẹ́ẹ̀tì tó ti jó, owó tó wọ kànga ni.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ onígíà aládàáṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ wọn, inú táǹkì rédíétọ̀ ni epo gíà ń gbà kó lè tutù. Bí ògiri àárín wọn bá lu, epo gíà á wọnú omi, omi náà á wọnú gíà. Ẹ ó rí i ní ẹnu rédíétọ̀: omi náà á nípọn, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi wàrà tí wọ́n da nǹkan pupa sí. Èyí ò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀, kí wọ́n sì fọ gíà pátápátá, torí omi máa ń ba àwọn awẹ́ inú gíà jẹ́ kíákíá. Gíà sì wọ́n ju rédíétọ̀ lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ni wọ́n fi ṣe é?

Bó bá ti dá yín lójú pé rédíétọ̀ ló ń jò, ìbéèrè tó kàn ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ gan-an máa ń lo bàbà àti idẹ tí wọ́n fi òjé jó pọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń yí sí alumíníọ̀mù tó ní táǹkì ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tàbí lókè àti nísàlẹ̀. Irú kẹta ni alumíníọ̀mù odidi, tí kò ní ike rárá.

Ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n, torí wọ́n máa ń kun gbogbo wọn ní dúdú. Ẹ fi ṣóńṣó ìṣó ha ẹ̀gbẹ́ táǹkì díẹ̀ níbi tí kò hàn síta. Bó bá ń dán bíi òrùka idẹ tàbí bíi wáyà iná, bàbà tàbí idẹ ni. Bó bá funfun bí fàdákà, alumíníọ̀mù ni. Bó bá ṣì dúdú, tí ìṣó kàn fà á lára bí ẹni ń ha abọ́ ike, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ti oníke tún ní eyín irin kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ mọ́ etí táǹkì yíká, bí ẹni fi ìka dì í mú.

*Bàbà àti idẹ.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe léraléra. Á yọ ọ́, á fọ̀ ọ́, á ha ibi tó ń jò títí yóò fi dán, á fi ooru àti òjé dí i, á rì í sómi, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, a ó sì rí i bóyá èéhó ń jáde. Bí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló lu láàárín, wọ́n lè dí òpin rẹ̀ méjèèjì kí omi má gba ibẹ̀ mọ́. Ọ̀kan tàbí méjì láàárín ọ̀pọ̀ páìpù kò tó kó ṣe ẹ́ńjìnì ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti wá dé mẹ́rin, márùn-ún, ẹ bi ara yín léèrè. Bí gbogbo àárín bá ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n táǹkì idẹ ṣì le, ẹ lè ní kí wọ́n fi àárín tuntun sí i, kí wọ́n lo táǹkì yín lọ. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀yà rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, ọ̀nà tó dáa jù nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bà mí lẹ́rù lára onídẹ ni ìyẹ̀fun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rédíétọ̀, kí ẹ wo ìdí àwọn páìpù níbi tí òjé ti dì wọ́n mú. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tó hù síbẹ̀ bí ewú, kúláǹtì tí agbára rẹ̀ ti tán ti ń jẹ òjé náà. Ẹ dí ọ̀kan lónìí, ìkejì á là lọ́la.

*Alumíníọ̀mù tó ní ike.* Èyí ló wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń pè ní àtijọ́ báyìí. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì kún ni ike náà, ó le dáadáa nígbà tó wà ní tuntun. Àmọ́ ọdún lé ọdún tó ń gbóná tó ń tutù ti gba ẹ̀mí lára rẹ̀. Ẹ wò ó lójú dáadáa: dúdú rẹ̀ á ti máa di àwọ̀ ilẹ̀, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ tí omi gbígbóná ń gbà wọlé. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ìdí ibi tí họ́ọ̀sì òkè ti wọlé. Bó bá dún kẹ́ẹ́, tàbí tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun bá yọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Táǹkì ike tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò ní ohun míì láti sọ. Gọ́ọ̀mù á mú ibi tó sán, àmọ́ ike tó yí i ká ti gbó tó ọ̀kan náà, ẹ̀gbẹ́ gọ́ọ̀mù gan-an ló máa tún là sí. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná yọ́ ike pọ̀. Mo ti rí i, kò tọ́jọ́.

Bó bá jẹ́ pé etí táǹkì ló ti ń tu, níbi tí eyín irin dì í mú, rọ́bà tó wà láàárín ike àti alumíníọ̀mù ló ti rún. Àwọn kan máa ń fi púláyà tẹ eyín náà le sí i. Ó lè dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Èèyàn sì lè ṣí eyín ọ̀hún, kó fi rọ́bà tuntun sí i, kó tún un tẹ̀ padà, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kì í fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Eyín méjì-mẹ́ta á kán. Àfi tí rédíétọ̀ náà bá ṣọ̀wọ́n, mi ò ní dá a lábàá.

Bó bá jẹ́ páìpù alumíníọ̀mù láàárín ni òkúta ta lù, gọ́ọ̀mù onípò méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lè dí i gbé yín délé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin páìpù yẹn tín-ín-rín gan-an, iná wẹ́lídà máa ń jẹ ẹ́ kọjá.

*Alumíníọ̀mù odidi.* Tó bá nípọn, tó sì jẹ́ ara táǹkì ló ń jò, wẹ́lídà tó mọ alumíníọ̀mù jó dáadáa lè tún un ṣe, kó sì pẹ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe gbogbo wẹ́lídà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ìyókù ara rẹ̀

Ọ̀gá kan tó ti ń jó rédíétọ̀ ṣáájú kí n tó mọ ọkọ̀ wà ló kọ́ mi ní èyí. Mo gbé ti èmi lọ bá a, mo na ìka sí ihò, mo ní, "Bàbá, ibí ló ti ń jò." Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó fi èékánná rẹ̀ fa àwọn ìyẹ́ irin tín-ín-rín tó wà láàárín páìpù, wọ́n sì rún sí i lọ́wọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí kò tíì jò ni kó o wò." Ìyẹ́ yẹn ló ń gba ooru kúrò lára páìpù fún afẹ́fẹ́. Bí wọn ò bá dì mọ́ páìpù mọ́, rédíétọ̀ lè má jò kí ẹ́ńjìnì sì máa gbóná síbẹ̀. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti ń rún, ẹ má náwó lé e.

Ẹ tún wò ó bóyá inú rẹ̀ ti dí. Ẹ tan ọkọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dáadáa tí tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, á sì ti ṣí. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣí láàárín 80 sí 95°C. Ẹ pa á, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láti òkèèrè lọ yíká ojú rédíétọ̀. Ooru náà yẹ kó máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí omi ń gbà wọlé dé ibi tó ń gbà jáde. Ibi tó bá tutù lójijì láàárín àwọn tó gbóná, omi ò dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn, àmọ́ kó ti tú wáyà bátìrì kó tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Onídẹ tó dí, wọ́n lè ṣí orí rẹ̀ kí wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti rọ ọ́. Oníke tó dí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó lu ihò náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Bó bá jẹ́ òkúta tàbí ìjàǹbá kékeré, ẹ̀ṣẹ̀ ìta ni, ìyókù ara rẹ̀ lè ṣì dá ṣáṣá. Bó bá jẹ́ pé inú ló ti jẹ jáde, ẹ ti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ohun méjì ló sábà máa ń jẹ ẹ́ láti inú. Àkọ́kọ́ ni omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tí à ń bù sí i láìsí kúláǹtì: ó ń mú ìpẹtà bá irin ẹ́ńjìnì, àwọn èròjà inú omi náà sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù. Ìkejì ni iná mànàmáná tó ṣìnà, tó ń gba inú omi kọjá torí pé wáyà ilẹ̀ ọkọ̀ ti dẹ̀ tàbí ó ti dípẹtà. Ẹ lè fi mítà tó ń wọn volt wò ó: wáyà dúdú sí ẹsẹ̀ ìyọkúrò (−) bátìrì, kí ẹ ti orí wáyà pupa bọ omi rédíétọ̀ láì jẹ́ kó kan irin, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Bó bá kọjá 0.3 volt, ẹ wá ibi tí wáyà ti bàjẹ́ kí ẹ tó fi rédíétọ̀ tuntun síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á jẹ òun náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò rẹ̀ dé òpin

Iye tí wọ́n máa gbà láti dí ihò kọ́ ni owó àtúnṣe. Ẹ fi owó yíyọ àti dídè kún un, ẹ fi kúláǹtì tuntun kún un. Nǹkan wọ̀nyí kò yí padà, yálà ẹ tún un ṣe tàbí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tún un ṣe tó sì tún bàjẹ́ lóṣù kẹta, ẹ ti san wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì tíì ra tuntun.

Ìwọ̀n tèmi rèé, ẹ lè ṣe tiyín: bí gbogbo owó àtúnṣe bá kọjá ìdajì gbogbo owó pípààrọ̀, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ onídẹ àtètèkọ́ṣe tí tuntun rẹ̀ kò sí tàbí tí tuntun rẹ̀ kò nípọn tó o. Ẹ tún rántí ohun tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ló ní orí alumíníọ̀mù. Bó bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, orí náà lè tẹ̀, tọ́pù gáásìkẹ́ẹ̀tì á sì jó. Ẹ fi iye ìyẹn sí òdìkejì òṣùwọ̀n.

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ máa ta ọkọ̀ náà láìpẹ́, ó yé mi tí ẹ bá fẹ́ ṣe èyí tó kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á.

Ti àlòkù ńkọ́? Tó bá jẹ́ onídẹ, mo lè rà á lẹ́yìn tí wọ́n bá dán an wò lójú mi. Oníke àlòkù, mi ò ra irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ orí ike rẹ̀ lè ju ti èyí tí ẹ fẹ́ yọ lọ.

Nípa oògùn tí wọ́n ń dà sí i

Ìyẹ̀fun tàbí omi tí wọ́n ní ó ń dí ihò láti inú máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ fún ihò tó kéré bí imú abẹ́rẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ihò yàtọ̀ sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Rédíétọ̀ kékeré inú ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dí, bí rédíétọ̀ ńlá bá sì ti dí díẹ̀ tẹ́lẹ̀, á parí rẹ̀. Ẹ fi pa mọ́ fún ìgbà tí ibi tí ẹ wà jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó ń da funfun ẹyin tàbí ata sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ọbẹ̀.

Bó bá jò lójú ọ̀nà, ọgbọ́n tí mo mọ̀ ni pé, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, ẹ bu omi kún un, kí ẹ dé ìdérí dé ìdajì, ibi àkọ́kọ́ tó máa ń há sí, kí prẹ́ṣọ̀ má pọ̀. Jíjò rẹ̀ á dín kù. Ẹ tan ẹ̀rọ amúmóoru inú ọkọ̀ sí ibi tó ga jù, kó lè gba díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnì. Ẹ rọra wà á, kí ojú yín má kúrò lára géèjì ooru ẹ́ńjìnì. Láìsí prẹ́ṣọ̀, omi á tètè hó. Bí ọwọ́ géèjì bá ti ń gòkè, ẹ pa á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ

Bó bá jẹ́ àtúnṣe, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni: kí wọ́n fẹ́ prẹ́ṣọ̀ sí i lójú yín kí wọ́n tó dè é padà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tuntun lẹ rà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti rà á. Ṣé ó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹnu họ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ? Ṣé ibi tí wọ́n ń de páìpù epo gíà mọ́ wà níbẹ̀? Ẹ ra ìdérí tuntun tí nọ́ńbà prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu. Èyí tó bá ga jù á ti omi gba ibi míì jáde. Ẹ pààrọ̀ tẹ́mósítáàtì pẹ̀lú, àti họ́ọ̀sì tó bá ti gbó. Kò wọ́n, ọkọ̀ sì ti wà ní títú tẹ́lẹ̀.

Ẹ fọ inú ẹ́ńjìnì títí omi tó ń jáde á fi mọ́, torí ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ á lọ dí rédíétọ̀ tuntun. Ẹ lo kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí ẹ sì fi omi tí wọ́n ti sè yọ èròjà kúrò nínú rẹ̀ là á bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀. Ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dì bí ògì tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ rọra dà á, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Ẹ tan ẹ̀rọ amúmóoru, ẹ tan ọkọ̀ nígbà tí ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí àti tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ẹ máa wo ẹnu rédíétọ̀. Èéhó á máa yọ. Bí tẹ́mósítáàtì bá ṣí, omi á lọ sílẹ̀ lójijì, họ́ọ̀sì tó ti tutù látẹ̀yìnwá á sì gbóná. Ẹ bù ú kún, ẹ dé e. Bí súkúrù ìyọfẹ́fẹ́ bá wà lára ẹ́ńjìnì yín, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú lè mú kí ọkọ̀ tó ní rédíétọ̀ tuntun máa gbóná bíi ti àná.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa wo omi láràárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ó lè dín kù díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì bí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ṣe ń jáde, lẹ́yìn ìyẹn ó yẹ kó dúró sójú kan. Ẹ fún kílíípù gbogbo lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kí ẹ sì jẹ́ kí páálí yẹn wà níbi tó wà di ọjọ́ keje.